Àlòkù Bátìrì Ńlá fún Iná Oòrùn nínú Ilé Olùkọ́

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a ó rán lọ sí ìletò tí wáyà iná ìjọba kò tí ì dé, tàbí ibi tí ó ti dé ṣùgbọ́n tí iná inú rẹ̀ jẹ́ àlejò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí yóò yẹ ìwé àwọn ọmọ wò ní alẹ́ kò lè jókòó sínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ òní, pánẹ́ẹ̀lì sólà ti di ohun tí owó olùkọ́ lè ká díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tí yóò pa agbára oòrùn mọ́ di alẹ́ ni ó wọ́n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yíjú sí àlòkù. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ti í ṣà á, nítorí ẹni tí ó bá rà á láìmọ̀, òkúta ni ó fi owó oṣù rẹ̀ rà.

Bátìrì tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe. Gaston Planté, ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859. Awẹ́ òjé pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀, tí a rì sínú omi ásíìdì. Yàrá mẹ́fà ni bátìrì fóltì 12 ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa mú nǹkan bí fóltì 2.1 wá nígbà tí ó bá kún. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Kì í ṣe gbogbo bátìrì tí ó wúwo ni ó yẹ fún sólà. Ti ọkọ̀, awẹ́ òjé rẹ̀ tínrín, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan, kí ó sì sinmi. Bí a bá ń fà á gbẹ ní alaalẹ́, kì í pẹ́ kú. Èyí tí a ń wá ni ti òpó tẹlifóònù, ti báńkì àti ti ọ́fíìsì, tí awẹ́ rẹ̀ nípọn. Èyí tí ó tó 200 áńpíà-wákàtí nínú wọn a máa wọ̀n tó nǹkan bí kílò 60. Ẹni méjì ni kí ó gbé e. Egungun ẹ̀yìn kò ní àlòkù lọ́jà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà a máa ka bátìrì sí ògbólógbòó bí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 80 nínú 100 ti ìgbà tí ó wà ní titun. Ohun tí kò tó fún òpó tẹlifóònù mọ́ lè tó fún gílóòbù márùn-ún. Ṣùgbọ́n òkú pọ̀ láàárín wọn, ojú nìkan kò sì lè mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ wú, tàbí tí ó sán, kí a fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́nwọ́ tó. Lẹ́yìn èyí, kí a gba iná sí i títí yóò fi kún, kí a yọ wáyà kúrò lára rẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó fi mítà wò ó. Bí mítà bá ka nǹkan bí fóltì 12.6, ìrètí ń bẹ. Bí ó bá ka 10.5, ẹ yọ 2.1 kúrò nínú 12.6, ẹ ó sì rí i pé yàrá kan ti kú. Kò sí ìwòsàn fún irú èyí. Àwọn kan a máa ta iyọ̀ àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ní yóò jí i. Àwa kò ní fi kọ́bọ̀ kan rà á, nítorí iyọ̀ kò lè dá òjé tí ó ti ya lulẹ̀ padà sára awẹ́ rẹ̀.

Mítà nìkan kò tó. Ọmọ ilé-ìwé lè jókòó dáradára kí ó má sì mọ nǹkan kan; ìdánwò ni yóò fi í hàn. Ẹ fi gílóòbù iwájú ọkọ̀, oní-wáàtì 60, sí i lórí. Gílóòbù yìí a máa fa áńpíà márùn-ún. Kí a máa ka wákàtí títí fóltì yóò fi bọ́ sí 10.5, kí a pa á níbẹ̀, kí a sì tún gba iná sí i ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí bátìrì tí a bá fi sílẹ̀ ní gbígbẹ, èérún funfun a máa le mọ́ awẹ́ rẹ̀ lára. Bí ó bá tan fún wákàtí 14, 14 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 70. 70 áńpíà-wákàtí ni ó kù nínú rẹ̀, ohun yòówù tí a kọ sí ara rẹ̀.

Kí bátìrì lè pẹ́, ìdajì ni kí a máa lò. Ìdajì 70 ni 35, a sì sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà 12, ó di wáàtì-wákàtí 420. Gílóòbù márùn-ún ti wáàtì méje, fún wákàtí márùn-ún, yóò gba 175. Fáànù kékeré ti wáàtì 15 fún wákàtí mẹ́jọ yóò gba 120. Ó ṣẹ́kù 125 fún rédíò àti fóònù. Bí a bá ní láti so méjì pọ̀, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà àti ọjọ́ orí kan náà, nítorí aláìlera a máa fa alágbára lulẹ̀. Kí a fi fíúsì sí wáyà nítòsí bátìrì, kí a sì bọ́ òrùka àti agogo ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án.

Bátìrì tí ó ń gba iná a máa tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná, nítorí náà kò yẹ kí ó wà nínú iyàrá tí a ń sùn, kò sì yẹ kí a tan ìṣáná nítòsí rẹ̀. Bí ásíìdì bá ta sí ojú tàbí ara, omi púpọ̀, kíákíá, fún ìṣẹ́jú pípẹ́, kí a sì wá dókítà.

Ní ti òjé, a kò gbọdọ̀ fọ́ bátìrì, a kò sì gbọdọ̀ yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí iná. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú ní àdúgbò tí a ti ń tú àlòkù bátìrì tí a sì ń ṣa òjé nínú iyẹ̀pẹ̀. Eruku òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ọmọ tí ń fi ìka kó ilẹ̀ sẹ́nu ni ó sì ń tètè mú. Bátìrì tí ó bá kú lọ́wọ́ wa, odindi rẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì inú rẹ̀ ni kí a gbé padà fún ẹni tí ń ta bátìrì, kí a má dà á sí ilẹ̀ ọgbà ilé-ìwé, kí a má sì jẹ́ kí àwọn tí ń fi àáké là á wọ àgbàlá wa.