Bí Adájọ́ Ti Ńwọn Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí
Ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, bí a bá ńgbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹ̀mí olùjẹ́jọ́ lè rọ̀ mọ́ ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Adájọ́ a máa bèèrè pé: Ojú rẹ̀ ni ó fi rí i, tàbí a sọ fún un ni? Ohun tí ó wí fún ọlọ́pàá ha bá ti òní mu bí? Ní 1974, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà fi lélẹ̀ pé bí àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba bá tako ara wọn lórí kókó ọ̀ràn, adájọ́ kò gbọdọ̀ ṣa ti ọ̀kan gbà láìsí ẹ̀rí tí ó ṣàlàyé rẹ̀. Bí iyèméjì tí ó nídìí bá kù, a ó dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kí àwa tí a ńkọ́ ọmọdé kọ́ wọn láti sọ kìkì ohun tí wọ́n rí.