Òṣíbàtà Lára Ògiri

Ṣé o mọ̀ pé òṣíbàtà ni Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé, ń yà ṣáá fún nǹkan bí 30 ọdún tó lò gbẹ̀yìn láyé? Nǹkan bí 250 àwòrán ló rí yà lára adágún inú ọgbà rẹ̀ ní Giverny. Mẹ́jọ ràgàjì nínú wọn, tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà 2, ti wà ní Musée de l'Orangerie ní Paris láti 1927.

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ Monet kò kan ọ̀dà ákírílíìkì rí? Ọ̀dà olóròóró ló lò títí ó fi kú ní 1926. Àárín àwọn ọdún 1950 ni ákírílíìkì tí wọ́n ń fi omi pò tó dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán. Torí náà, ẹ̀dà òṣíbàtà Monet tí wọ́n fi ákírílíìkì yà, iṣẹ́ ẹni tó yà á ni, orúkọ onítọ̀hún ló sì yẹ kó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sófin tó ní ká má ya ẹ̀dà Monet mọ́, àmọ́ ẹni tó bá tà á bí ojúlówó lu jìbìtì.

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Benin kì í ṣe àlejò ọ̀dà ákírílíìkì? Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey, fi ákírílíìkì ya àmì àwọn ọba Dahomey àti àwọn vodun sórí kánfáásì; ó wà lára àwọn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn níbi ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris ní 1989. Ní agbègbè Sakété àti Pobè, ọ̀dà inú agolo ti wọ ara ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tipẹ́. Wọn a sì máa tún un kùn kó lè dán lójú agbo.

Iṣẹ́ ń bẹ nínú fífi ákírílíìkì ya ẹ̀dà òṣíbàtà Monet o. Monet a máa fi ọ̀dà tútù lé ọ̀dà tútù, kí àwọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn. Ọ̀dà olóròóró gbà fún un, torí ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ kó tó gbẹ. Ákírílíìkì kì í dúró: nígbà ọyẹ́, kí o tó ti búrọ́ṣì bọmi tán, ó ti gbẹ. Ayàwòrán tó gbọ́n a máa fín omi sí i díẹ̀díẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ooru máa ń mú ákírílíìkì rọ̀, tí eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn? Má ṣe kó àwòrán méjì dojú kọra, wọn á lẹ̀ pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òṣíbàtà funfun tiwa, òru ló ń tanná? Bí oòrùn bá ti ga, ó ti pa dé. Àwọn ti Monet ń là lójú oòrùn. Joseph Latour-Marliac, olùgbìn òṣíbàtà, ló da oríṣiríṣi wọn pọ̀ tí aláwọ̀ pupa àti ìyeyè fi jáde, tó sì pàtẹ wọn ní Paris ní 1889. Ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀dà Monet kankan tó lè fi tiwa hàn ọ́. Ó wù mí gidigidi kí ayàwòrán Pobè kan ya òṣíbàtà ilẹ̀ ẹrẹ̀ Ọ̀họ̀rí sórí kánfáásì. Kó ṣáà ti débi omi náà kí ilẹ̀ tó mọ́.