Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ Há Sórí àti Ohun tí Ó Yé e: Ìdánwò Ìmọ̀ Ìpìlẹ̀ Físíìsì ní Ilé-Ìwé Girama

Ìfáárà

Iṣẹ́ ìdánwò ni láti fi ohun tí ó wà nínú akẹ́kọ̀ọ́ han olùkọ́. Bí ìdánwò bá ṣe iṣẹ́ yìí bí ó ti yẹ, olùkọ́ yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó yẹ kí òun padà sí. Bí kò bá ṣe é, máàkì yóò pọ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n òye kò ní í bá a dọ́gba. Ewu yìí pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ilé-ìwé girama, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé orí òfìfo wọ kíláàsì náà. Kí ó tó gbọ́ orúkọ Isaac Newton rárá ni ó ti ń sọ òkò sí máńgòrò, tí ó ti ń bá wọn ti ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, tí ó sì ti ń ru omi wálé. Ó ti ní àlàyé tirẹ̀ fún gbogbo ìwọ̀nyí. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣe àyẹ̀wò bí a ṣe lè fi ìdánwò wá irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rí, àti ipa tí èdè ń kó nínú rẹ̀.

Ìṣirò yàtọ̀ sí òye

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Ká ní ẹnì kan ju ọsàn sókè, tí ọsàn náà fi ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú eré 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé báwo ni ọsàn náà yóò ṣe ga tó, yóò mú òfin ìṣirò tí ó ti kọ́ jáde, yóò sì rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 2 ni yóò fi gòkè, àti pé 20 mítà ni yóò ga dé. Olùkọ́ yóò fún un ní gbogbo máàkì.

Ṣùgbọ́n ká wá bi akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà pé: nígbà tí ọsàn ti kúrò lọ́wọ́ tí ó ṣì ń gòkè lọ, tí a kò bá ka afẹ́fẹ́ sí, agbára wo ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé méjì ni: agbára ọwọ́ tí ó ń tì í lọ sókè, àti agbára tí ilẹ̀ fi ń fà á. Wọn yóò ṣàlàyé pé agbára ọwọ́ ń tán díẹ̀díẹ̀, pé àwọn méjèèjì dọ́gba nígbà tí ọsàn dé òkè pátápátá, àti pé agbára ilẹ̀ ló borí nígbà tí ó ń bọ̀. Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Láti ìgbà tí ọsàn ti kúrò lọ́wọ́, agbára kan ṣoṣo ni ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, èyí tí ilẹ̀ fi ń fà á. Agbára yìí kò yí padà nígbà tí ó ń lọ, nígbà tí ó dé òkè, àti nígbà tí ó ń bọ̀. Eré ni ọsàn gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú. Kò gbé agbára ọwọ́ náà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba gbogbo máàkì nínú ìṣirò kò tíì mọ èyí, ìdánwò tí ó kọ́kọ́ ṣe kò sì tú u fó.

Ìdánwò tí a gbé jáde ní 1992

Ní Amẹ́ríkà, David Hestenes, Malcolm Wells àti Gregg Swackhamer gbé ìdánwò kan jáde ní 1992 tí wọ́n pè ní Force Concept Inventory. Ìbéèrè 29 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó di 30 nígbà tí a tún un ṣe ní 1995. Kò sí ìṣirò kankan nínú rẹ̀. Ìdáhùn márùn-ún ni a tò sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ni ó sì tọ̀nà. Ohun tí ó jẹ́ kí ó yàtọ̀ ni àwọn mẹ́rin tí kò tọ̀nà. A kò kàn hùmọ̀ wọn. Èrò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn máa ń ní ni a fi ṣe wọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣì í ti sọ irú èrò tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún olùkọ́.

Eric Mazur, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, lo ìdánwò yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹnu yà á pé àwọn tí wọ́n ń yanjú ìṣirò tí ó le koko ń kọsẹ̀ lórí ìbéèrè tí ó dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní 1998, Richard Hake kó èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 6,000 láti kíláàsì 62 jọ. Níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó rí mú lọ. Níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jiyàn, tí wọ́n sì ń dán nǹkan wò, ó tó ìdá 48.

Ipa tí èdè ń kó

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *agbára*, ni a ń lò fún ohun tí ó ń ti nǹkan, fún okun inú ènìyàn, fún iná mànàmáná, àti fún àṣẹ ìjọba. Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni físíìsì ka díẹ̀ nínú wọn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni *iṣẹ́* rí. Alábàárù tí ó dúró lójú kan pẹ̀lú àpò ìrẹsì lórí ń làágùn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Físíìsì ní tirẹ̀ sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹrù kò kúrò lójú kan, a kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru èdè Yorùbá. Inú kòtò kan náà ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ń já sí. Ìṣòro náà wà láàrin èdè ojoojúmọ́ àti èdè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ níbi gbogbo.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wá di ìlọ́po méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń dán an wò, Yorùbá sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ronú. Bí ó bá ṣì í, olùkọ́ kò lè mọ̀ bóyá físíìsì ni kò yé e tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì gbà á, ó lè jẹ́ pé gbólóhùn inú ìwé ni ó kà sórí. Ẹni tí ó ń ka òfin kẹta Newton láìṣì sọ lè jẹ́ ẹni tí yóò fi tọkàntọkàn sọ pé nígbà tí tírélà àti ọkọ̀ kékeré forí sọra, tírélà ni ó fi agbára tí ó pọ̀ jù lu èkejì. Agbára tí wọ́n fi lu ara wọn dọ́gba. Bí tírélà bá wúwo tó ọkọ̀ kékeré lọ́nà 20, eré ọkọ̀ kékeré ni yóò yí padà ní ìlọ́po 20; ìdí nìyẹn tí òun fi ń rún.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 sì fi hàn pé a lè hun ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bí a bá jókòó tì í.

Bí a ṣe lè gbé e kalẹ̀

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè ṣáájú ẹ̀kọ́, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kọ èrò wọn sílẹ̀ ní fàlàlà. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣa àwọn èrò tí ó wọ́pọ̀ jù, kí ó fi wọ́n ṣe ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò yàn nínú wọn. Kí ó tún bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn, nítorí orí-ire lè mú ẹni tí kò mọ̀ gbà á. Ní ìparí, kí ó gbé ìdánwò kan náà kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ó lè mọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà yí padà.

Àgbálọgbábọ̀

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìṣirò ṣe pàtàkì, ìdánwò àṣekágbá kò sì ní í yé bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ afárá tàbí tí yóò tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe lọ́la, inú kíláàsì wọ̀nyí ni ó ti ń kọ́ ohun tí agbára jẹ́. Bí èrò tí kò tọ̀nà bá bá a jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìdánwò tí a fi wọ̀n ọ́n ní ìpín nínú rẹ̀.