Ẹ má wọ táńkì tí kò sí okùn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìnísà, Ìkìrun àti Òkukù tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ ojúmọ́ nílé iṣẹ́ ọtí tàbí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ gbọ́ mi ná. Bí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ wọ inú táńkì lọ fọ̀ ọ́, ẹ má tíì wọlé.

Ṣé ẹ rí bí ẹmu ṣe máa ń hó nínú kèrègbè? Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì carbon dioxide. Atẹ́gùn á gbé tinú kèrègbè lọ, ṣùgbọ́n tinú táńkì ńlá kò ríbi gbà. Kò láwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń dúró sí, níbi tí ẹni tó ń fọ táńkì wà gan-an. Bó bá ti dé ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́, ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Bó bá kọjá 10, èèyàn á dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Gáàsì yìí kan náà ló tú jáde látinú adágún Nyos ní Cameroon lálẹ́ ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún 1986. Ó ṣàn lọ sí àfonífojì, ó pa èèyàn tó lé ní 1,700.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹnì kejì. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà ò ní jáde mọ́. Ìdí nìyí tí Factories Act wa fi ní kí wọ́n yẹ inú táńkì wò dájú. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ni tó ń wọlé lo ẹ̀rọ ìmí, kó so okùn mọ́ra, kẹ́nì kan sì dúró síta láti fà á jáde. Ìbòmú lásán ò dá gáàsì yìí dúró. Àtùpà táwọn kan ń sọ̀ sínú kànga náà ò tó: iná lè ṣì máa jó níbi téèyàn ti ń kú lọ.

Ẹ lè ní kásúà lásán lẹ jẹ́. Employees' Compensation Act ọdún 2010 ka kásúà náà sí òṣìṣẹ́. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin tàbí ẹbí yín sọ fún ilé iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí NSITF láàárín ọdún kan. Owó ìsìnkú tí wọ́n fi ń pa ẹbí lẹ́nu mọ́ kọ́ ni ẹ̀tọ́ yín.

Bí kò bá sí okùn nílẹ̀, ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè wọ̀ ọ́." Iṣẹ́ míì ṣì wà.