Bí Ẹ Bá Ń Lọ sí Marseille, Ẹ Béèrè Ibi tí Wọ́n Máa Já Yín Sí

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn rí yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Láti Alágoméjì, ọkọ̀ náà kì í bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàdé, kì í já sí kòtò, ó sì ń rin kìlómítà 157 ní nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Àmọ́ Mọ́níyà ló ń já èrò sí. Ẹni tó ń lọ sí Mọ́lété yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá takisí, yóò máa ná owó ọkọ̀, yóò sì tún la ìgboro kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣì ń lọ wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n mọ iyì rélùwéè dáadáa, ibi tí ìrìn àjò máa parí sí ni wọ́n ń rò.

Ojú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi wo Marseille, ìlú ńlá tó wà létí òkun Mẹditaréníà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àwọn Gíríìkì láti Phocaea ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 600 ṣáájú ìbí Kristi, ọkọ̀ ojú omi ló sì gbé wọn débẹ̀. Lónìí, ọ̀nà ibẹ̀ pọ̀. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yóò máa ka wákàtí fún yín, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n máa já yín sí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Rélùwéè ni èmi fọwọ́ sí jù lọ. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2001 ni ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá tí wọ́n ń pè ní TGV bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin tuntun lọ sí Marseille. (Ogún ọdún géérégé sí ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn.) Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún, wọ́n ti fi ọkọ̀ kan dánra wò láti Calais tó wà ní òkè ilẹ̀ Faransé títí dé Marseille: kìlómítà 1,067 láàárín wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 29. Láti Paris, ó máa ń lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta. Kí ojú irin yẹn tó dé, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe eré yẹn ló wú mi lórí jù. Ibùdó Saint-Charles ni. Àárín ìlú ló wà, lórí òkè kan, láti ọdún 1848. Ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó jáde, gbogbo ìlú á tẹ́ rẹrẹ níwájú yín, ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame de la Garde á sì máa yọ lókèèrè lórí òkè tirẹ̀. Àtẹ̀gùn ńlá kan, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 104, ló sọ̀ kalẹ̀ sí ìgboro. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo lè fẹsẹ̀ rìn dé òpópónà Canebière, kó sì bá a lọ dé èbúté àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Vieux-Port. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn, ọ̀nà méjèèjì tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà ní ló gba abẹ́ ibùdó yìí.

Ẹ má kánjú sọ àtẹ̀gùn yẹn kalẹ̀ o. Ère obìnrin méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní ìdùbúlẹ̀: ọ̀kan dúró fún ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, èkejì fún ti Éṣíà. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn náà. Ẹni tó bá ti Kútọnù, Àjàṣẹ́ tàbí Lomé wá, kó dúró kó wò ó. Ìlú yìí ti mọ̀ wá tipẹ́, ohun ìní ló sì kọ́kọ́ kà wá sí. Ó dùn mí, síbẹ̀ mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó bá gba ibẹ̀ kọjá rí i.

Èèyàn wa tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè rántí pé ọkọ̀ ojú irin Eurostar kan máa ń lọ tààrà sí Marseille. Ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró ní 2020. Ní báyìí, ẹ ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ ní Lille tàbí Paris. Lille ni mo bá àwọn tó kó ọmọ àti ẹrù dání yàn, nítorí pé ní Paris, Gare du Nord lẹ ó sọ̀ sí, Gare de Lyon lẹ ó sì ti wọ òmíràn. Ibùdó méjèèjì jìnnà síra. Ẹni tó bá sì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́pàá Faransé ti máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti Èkó tàbí Kútọnù, bàálù ló kù. Pápákọ̀ òfurufú Marseille wà ní Marignane, ó sì tó kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí àárín ìlú. Bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò níbẹ̀, Saint-Charles ló ń gbé wọn lọ. Nítorí náà, bí bàálù yín bá já yín sí pápákọ̀ Charles de Gaulle ní Paris, ẹ wò ó bóyá ó yẹ kí ẹ tún wọ bàálù mìíràn. Ibùdó TGV wà nínú pápákọ̀ náà, ní Terminal 2, àwọn ọkọ̀ kan sì ń ti ibẹ̀ lọ tààrà sí Marseille. Kìkì pé rélùwéè kò ní dúró de bàálù tó bá pẹ́, ẹ fi wákàtí bíi mélòó kan sílẹ̀ sáàárín. Ẹrù ńkọ́? Ọwọ́ ara yín lẹ ó fi gbé e sókè, wọn ò sì gba ẹrù gàgàrà lórí TGV.

Bọ́ọ̀sì òru láti Paris kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Òun náà ń já èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Saint-Charles. Ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò, kó yẹra fún ọjọ́ Sátidé ní oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí àwọn Faransé ń rọ́ lọ sí etí òkun, kó sì múra sílẹ̀ de owó ibodè ojú ọ̀nà.

Ọkọ̀ ojú omi ṣì wà, láti Algiers, Tunis àti erékùṣù Corsica, La Joliette tó súnmọ́ àárín ìlú sì ni ti Corsica ń gúnlẹ̀ sí. Nígbà kan rí, ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò láti Kútọnù lọ sí Marseille. Kí wọ́n tó ṣí èbúté tuntun ní 1965, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi okùn sọ èèyàn kalẹ̀ láti orí afárá onírin tó nà wọ inú òkun, sínú ọkọ̀ kékeré tó máa gbé wọn lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí bí ọjọ́ bá ti ń súnmọ́lé ni owó ń gun òkè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka orúkọ ibùdó tó wà lórí rẹ̀ dáadáa. Aix-en-Provence TGV wà ní ojú ọ̀nà kan náà, ó lè dínwó, ṣùgbọ́n inú pápá ló wà, ó jìnnà sí Aix fúnra rẹ̀, ká má tíì sọ Marseille. Marseille Saint-Charles ni kí ẹ rí níbẹ̀.