Omi Ni Ọ̀tá Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Inú Ilé

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í ṣe ti àwọn fọganáísà etí títì nìkan mọ́. Ó ti wọlé: wọ́n ń fi í fẹ́ táyà, wọ́n ń fi í fọ́n ọ̀dà sára àga, wọ́n ń fi í fẹ́ eruku kúrò lára jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń lò ó mọ̀ pé iná mànàmáná léwu, wọ́n sì mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn kọ ẹnu rọ́bà rẹ̀ sí ojú tàbí etí ẹnikẹ́ni. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í kà sí ni omi tó ń gbára jọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, tó ń jẹ irin rẹ̀ débi tí táǹkì fi lè bẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó ń darí ẹnu rọ́bà lè yí i síbòmíràn. Táǹkì tó bá bẹ́ kì í yan ẹni tó máa ṣe léṣe. Nítorí náà, títú omi yìí dànù ló yẹ kó ṣáájú nínú ìtọ́jú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí táǹkì lítà 50 bá kún dé 8 bar, ìyẹn nǹkan bíi 116 PSI lórí géèjì, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba àyè lítà 450 níta la ti kì mọ́ inú rẹ̀. Lásìkò òjò nílẹ̀ wa, bí ojú ọjọ́ bá gbóná dé 30°C, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gbé gíráàmù 10 oru omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí táǹkì bá tutù padà, àyè lítà 50 kò lè gba ju nǹkan bíi gíráàmù 1.5 oru lọ. Ìyókù á di omi, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣíbí tíì méjì, nígbà kan ṣoṣo tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ kún táǹkì. Omi yìí á máa jẹ irin láti inú, nígbà tí ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Àwọn kan á ní fáàfù ààbò wà, pé bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, fáàfù á tú u dànù. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dí fáàfù yẹn pa. Àmọ́ iye atẹ́gùn ni fáàfù mọ̀, kò mọ bí irin ṣe nípọn sí. Táǹkì tí ìpáàrà ti jẹ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bẹ́ ní 100 PSI tó ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, fáàfù ò sì ní ṣí rárá. Àwọn mìíràn á ní àwọn ti lò ó fún ọdún mẹ́wàá láìsí nǹkan kan. Bí wọn kì í bá tú omi rẹ̀, ọdún mẹ́wàá ni irin náà ti fi ń tín-ín-rín. Àwọn tó kù á ní bí ihò bíńtín bá yọ, wẹ́dà á bá wọn jó o pa. Ihò yẹn ni àmì pé gbogbo agbègbè ibẹ̀ ti rù, kò sì sí bí àbùlẹ̀ ṣe lè mú irin tó yí i ká nípọn padà. Bí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bá sì bẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ fi sábà ń fi omi dán táǹkì tuntun wò ni pé bí irin bá ya, omi á kàn ṣàn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́lẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé irin fò.

Bí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà, ẹ tú atẹ́gùn sílẹ̀ títí géèjì á fi wá sí nǹkan bíi 10 PSI. Ẹ wọ awò ojú, kí ẹ tú ìdérí kékeré tó wà nídìí táǹkì díẹ̀díẹ̀, kí omi dà tán kí ẹ tó dé e. Bí omi náà bá ń kó èépá irin jáde, tàbí tí táǹkì bá ti lu, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn: ẹ tú gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀, kí ẹ lu ihò ńlá sí i lára kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un kùn kó sì gbé e lọ sílé.