Iṣẹ́ Olùsìn Ológbò Aláìnírun àti Ọjà Rẹ̀ ní Accra

Olùsìn ológbò ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ń yan akọ àti abo tí ó mọ ìran wọn, tí ó ń mú wọn bímọ, tí ó ń tọ́ ọmọ náà títí yóò fi tó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí kò sì yé dáhùn fún un lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nílé rẹ̀. Apá tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára alájàpá ẹranko, nítorí pé iṣẹ́ alájàpá ti parí ní kété tí owó bá ti wọlé. Ní Accra, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti ń sin ológbò nítorí eku, tí aládùúgbò sì sábà máa ń fi ọmọ ológbò ta ara wọn lọ́rẹ láìgba pesewa kan, iṣẹ́ olùsìn ológbò ṣì jẹ́ tuntun, pàápàá ti ológbò aláìnírun tí ń jẹ́ Sphynx.

Orúkọ Sphynx wá láti ara ère ńlá tí ó wà ní Giza ní ilẹ̀ Íjíbítì, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùtà kan fi máa ń sọ fún oníbàárà pé ológbò àwọn Fáráò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú olótùútù ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ní ọdún 1966, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, abo ológbò onírun kan tí ń jẹ́ Elizabeth bí ọmọ kan tí kò ní irun lára, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní Prune. Wọ́n gbìyànjú láti ti ara Prune dá ìran sílẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn pọ̀ lára àwọn ọmọ tí ó tẹ̀lé e, ìran náà sì parun. Èyí tí ó wà lónìí ti ara àwọn mìíràn wá, àwọn tí wọ́n ṣèèṣì bí sí oko kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà láti 1975, àti àwọn tí wọ́n rí ní Toronto ní nǹkan bí ọdún 1978, tí wọ́n fi méjì nínú wọn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Wọ́n da ìran wọn pọ̀ mọ́ ti Devon Rex, ológbò tí irun rẹ̀ kúrú tí ó sì lọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà sún mọ́ra jù. Ní 2002 ni Cat Fanciers' Association, ẹgbẹ́ ńlá àwọn olùsìn ológbò ní Amẹ́ríkà, gbà wọ́n sí ìdíje àgbà.

Ohun tí ó fà á tí irun kò fi sí ni ìyípadà nínú ẹ̀yà kan lára àbùdá ìran, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní KRT71, tí ó máa ń pèsè èròjà tí irun fi ń lágbára nínú ihò rẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí náà jáde. Bàbá àti ìyá ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ fún ọmọ ní àbùdá tí ó ti yí padà yìí kí ọmọ tó lè jẹ́ aláìnírun, nítorí náà ẹni tí ó bá mú Sphynx tí ó fi í gun ológbò ìgboro yóò rí ọmọ onírun gbà ní ìbí àkọ́kọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ wá ọ̀nà mìíràn gbà: ní ìpínlẹ̀ Alberta ní Kánádà ní 2017, àwọn kan kígbe síta pé ọmọ Sphynx tí àwọn fi owó gọbọi rà bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun nílé, wọ́n sì wá rí i pé ńṣe ni wọ́n fá irun ara ọmọ ológbò lásán kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà. Ojúlówó olùsìn yóò fi bàbá àti ìyá hàn, tàbí kí ó fi ìwé ìran wọn hàn, kí ó tó dárúkọ iye owó.

Ẹni tí ó bá rò pé àìnírun ń dín iṣẹ́ kù kò tíì sin ọ̀kan rí. Òróró tí awọ ológbò ń sun máa ń tàn ká ara irun lára àwọn ológbò yòókù, ṣùgbọ́n lára Sphynx, orí awọ ni ó ń dúró sí, á di ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ ibùsùn àti àga, àyàfi tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń nu etí rẹ̀, tí wọ́n sì ń fọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ń jẹun ju ológbò onírun tí wọ́n jọ tóbi lọ, nítorí pé ooru ara rẹ̀ ń tètè jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rà á nítorí pé ológbò máa ń mú wọn sín, láìmọ̀ pé èròjà tí ń fa sísín náà kò sí nínú irun. Inú itọ́ àti òróró ara ni ó wà, Sphynx sì ní méjèèjì. Ojúṣe olùsìn ni láti sọ èyí fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ lè lé e lọ.

Ojú ọjọ́ Accra gbè é lápá kan, ó sì ta kò ó lápá kejì. Òtútù tí àwọn tí ń sìn ín ní Toronto ń bá jà kò sí níbẹ̀, àyàfi nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tàbí nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ń fa awọ rẹ̀ ya. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ gidi, nítorí pé oòrùn ọ̀sán máa ń jó awọ rẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. Inú ilé ni irú ológbò yìí ń gbé títí ayé rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè fi í sínú ilé kò yẹ ní ẹni tí wọ́n ń tà á fún.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni oyún ológbò, ìgbà tí ó sì léwu jù ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ọmọ tuntun kò tíì lè mú ara rẹ̀ móoru, èyí tí kò ní irun sì ń tètè tutù, nítorí náà olùsìn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ibùsùn wọn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó sì máa fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ kí ó lè mọ èyí tí kò sanra. Ní ìlú tí dumsor, ìyẹn iná mọ̀nàmọ́ná tí ń lọ tí ń bọ̀, ti di ọ̀rọ̀ ẹnu tọmọdé tàgbà, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ amóoru lọ.

Ewu kan wà tí ojú kì í rí. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ méjì tí ó wọ́pọ̀ lára ológbò ni A àti B. A ni ó pọ̀ jù lára ológbò ìgboro, ṣùgbọ́n B kò ṣọ̀wọ́n lára Sphynx àti Devon Rex. Bí ìyá bá jẹ́ B tí ọmọ sì jẹ́ A, wàrà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bá mu yóò gbé àwọn agbóguntì wọ inú ara rẹ̀, wọn yóò sì máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, tí ọmọ tí ó wá sáyé ní àlàáfíà lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí kí wọ́n tó gun ara wọn ni ó ń dènà èyí; bí kò bá sì sí, wọn a gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá fún nǹkan bí ọjọ́ kan, wọn a sì fi wàrà mìíràn bọ́ ọ. Ní irú nǹkan báyìí ni ìyàtọ̀ olùsìn àti olùtà ti ń hàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje ni ọmọ ológbò ń kọ́ bí yóò ṣe fọkàn tán ènìyàn, nítorí náà ni olùsìn rere ṣe máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé wọn, kí wọ́n sì gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti ọmọdé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ti àrùn dìgbòlugi sì tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá, kò sì yẹ kí ọmọ ológbò kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ṣáájú àkókò náà.

Àìsàn ọkàn ni ó wúwo jù nínú gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ń bá ìran yìí ṣe. Iṣan ògiri ọkàn a máa nípọn sí i títí tí ọkàn kò fi ní lè tú ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, àìsàn náà sì lè má fara hàn nígbà tí ológbò wà ní kékeré, èyí tí ó fi jẹ́ pé yíyẹ ọmọ wò kò tó. Àwọn òbí ni dókítà ẹranko gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn lọ́dọọdún. Nítorí irú nǹkan báyìí, àti nítorí pé ológbò náà kò ní irùngbọ̀n gidi tí ológbò fi ń mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn, Nẹ́dálándì, ilẹ̀ tí ó gba àwọn òbí ńlá ìran yìí lálejò, ti fòfin de mímú wọn bímọ láti 2014, ó sì fòfin de níní wọn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n ti wà lọ́wọ́ olówó wọn ṣáájú, tí wọ́n sì ti fi àmì ìdánimọ̀ sí lára. Ó ṣòro láti sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ṣì í. Ó kéré tán, olùsìn ní Accra tí kò bá rí dókítà tí yóò wo ọkàn akọ àti abo rẹ̀ kò yẹ kí ó mú wọn bímọ.

Òfin Ghana kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà. Òfin Àrùn Ẹranko ti 1961, tí ń jẹ́ Act 83, dá lórí dídènà àjàkálẹ̀, apá 303 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti 1960 sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá hùwà ìkà sí ẹranko, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ẹni tí ó lè máa mú ológbò bímọ fún títà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ológbò wọlé láti òkèèrè ni ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Veterinary Services Directorate, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ìlera ẹranko lábẹ́ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ọ̀gbìn, kí ó sì fi ìwé ìlera àti ti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi hàn.

Nítorí náà, ìwé àdéhùn láàárín olùsìn àti olùrà ni ó ń ṣe iṣẹ́ òfin. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé olùrà yóò jẹ́ kí dókítà tẹ akọ lọ́dàá tàbí kí ó yọ ilé ọmọ abo, pé kò ní tà á fún ẹlòmíràn láìsọ, àti pé bí ó bá sú u tàbí tí ó fẹ́ kó kúrò ní Ghana, ọ̀dọ̀ olùsìn ni ológbò náà yóò padà sí. Ìbéèrè tí olùsìn ń bi olùrà sì pọ̀. Àwọn kan ń jẹ ẹran ológbò ní Ghana, wọ́n tilẹ̀ sọ ẹran náà ní Joseph láwàdà; àwọn mìíràn sì gbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti gbà, pé ológbò kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ àjẹ́, ojú tí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò sì fi wo ológbò tí ara rẹ̀ rí jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí kò sì ní irun kò ní dára. Olùsìn tí kò bá béèrè ẹni tí ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú olùrà kò tíì wá ilé fún ọmọ.

Irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ jí lò. Ìpolówó wọn a máa sọ pé inú ìdílé ni wọ́n ti tọ́ ọmọ aláìnírun náà, pé ilé onífẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wá fún un, àwòrán tí wọ́n sì jí lọ́dọ̀ ojúlówó olùsìn ni wọn a gbé sí i. Owó ọmọ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà owó ọkọ̀ òfuurufú, owó àgò tí ó ní ẹ̀rọ amóoru, owó ìbánigbófò tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà, títí tí olùrà yóò fi já a. Better Business Bureau ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ nínú ìròyìn kan ní 2017 pé Cameroon ni ọ̀pọ̀ irú jìbìtì ẹran ọ̀sìn báyìí ti ń wá, ní 2020 sì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ọmọ Cameroon kan tí ń gbé ní Romania pé ó ń ta ọmọ ajá tí kò sí níbì kankan. Ghana ní sakawa tirẹ̀, ìyẹn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kí olùrà ní Accra rò pé àwọn ará òkèèrè nìkan ni wọ́n ń lù ní jìbìtì.

Kí olùrà lọ wo ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lójúkojú, kí ó pe dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì àjẹsára, kí ó má sì fi mobile money ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bá ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kí ó tọ́jú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ WhatsApp àti ẹ̀rí ìsanwó, kí ó sì pe 292, nọ́ńbà tí Cyber Security Authority, àjọ tí òfin Act 1038 ti ọdún 2020 dá sílẹ̀ ní Ghana, fi ń gba ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì.